Ohun Tí Ń Jẹ Èékánná Ará Etí-Àbàtà

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ ọdẹ àti ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ọdẹ. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wúkọ́ nísinsìnyí, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, n kò ní í dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti dojú kọ ẹfọ̀n tó lé odindi abúlé sórí igi, n kò sá. Mo ti bá erè jìjàkadì nínú omi tó mù mí dé ọrùn, èmi ni mo sì jẹ ẹ́ lọ́bẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́gbàmí ọmọ Àwẹ̀ró, ẹni tó kọ́ mi ní ìbọn yíyìn. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún mi ní ọdún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, níbi tí a jọ ń ṣọ́ oko iṣu. Mo bi í pé, "Ọ̀gá, kí lẹ bẹ̀rù jù láyé yìí?" Mo rò pé yóò ní ẹkùn. Ó ní, "Èékánná ẹsẹ̀ mi ni." Mo bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu mi.

Ìlú Etí-Àbàtà ni wọ́n ti bí i, níbi tí ilẹ̀ gbígbẹ ti parí, tí ẹrẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún tí à ń wí yìí, òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì mọ ìgbà tí òjò í dá. Ó rọ̀ títí aṣọ kò fi gbẹ lórí okùn mọ́, ó rọ̀ títí koríko fi ń hù lára ògiri. Ìgbà náà ni nǹkan yìí yọjú sí gbangba. Ìyàwó kékeré Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i: àmì funfun kékeré kan létí èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò kà á sí. Kí oṣù kẹta tó wọlé, èékánná náà ti ní àwọ̀ atalẹ̀, ó ti nípọn bí igbá ẹ̀yìn ìjàpá, ó sì ń rún bí ẹ̀kọ gbígbẹ, ó ń ṣí kúrò lára ẹran ìka díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ó kan ìyálé. Lẹ́yìn ìyálé ó kan àwọn apẹja, ó kan àwọn obìnrin tó ń fọ ẹ̀gẹ́ létí omi. Nígbà tí wọn yóò fi ka ènìyàn, ó ti di mọ́kànlélógójì.

Kò sí ẹni tó kú nínú wọn. Ẹ má rò pé ìyẹn fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Àìsàn tó ń pani, a mọ bí a ṣe ń sunkún rẹ̀. Èyí tó ń jẹni ní ìwọ̀nba lójoojúmọ́, tí kò pariwo, tí kò sì lọ, òun ni kì í jẹ́ kí ènìyàn lè gbé oúnjẹ mì. Àwọn ará ìlú wá ń sọ fún ara wọn pé, "Ẹni tí wọ́n bá ti ọmọ-ìka ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, orí ni wọn yóò fi parí." Bí a bá sì ti gbà pé wọ́n ń jẹ ènìyàn, ìbéèrè kan ló kù: ta ni ń jẹ ẹ́?

Àwẹ̀ró, ìyá Ọdẹ́gbàmí, opó ni. Èékánná ni ó ń gé fún gbogbo ìlú. Bí wọ́n bá ń múra ìyàwó, òun ni wọn yóò pè. Bí arúgbó kò bá lè tẹ̀ ba mọ́, iwájú Àwẹ̀ró ni yóò na ẹsẹ̀ sí. Ọ̀bẹ kékeré kan ṣoṣo ló ní, èyí tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Bí ó bá ti gé ti ẹnì kan tán, a nu ọ̀bẹ náà létí ìró rẹ̀, a ní, "Ó kàn ọ́, ọmọ mi."

Ọ̀tún Lánípẹ̀kun ló pa á láṣẹ pé kí wọ́n pe ìpàdé. Ọkùnrin gíga ni Ọ̀tún, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í sì bọ́ bàtà aláwọ rẹ̀ nínú òjò tàbí nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ó dìde ní àgbàlá Baálẹ̀, ó ní:

"Mo ti kà wọ́n. Nínú mọ́kànlélógójì, méjìdínlógójì ló ti na ẹsẹ̀ síwájú obìnrin yìí. Àwẹ̀ró, níbo lò ń kó èékánná tí o bá gé sí?"

Àwẹ̀ró ní, "Mo máa ń gbá a dànù sẹ́yìn ilé ni, Bàbá Ọ̀tún."

"Ta ni ó rí ọ níbi tí o ti ń gbá a dànù?"

Kò sí ẹni tó rí i. Ta ni í ṣọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀? Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá ti wọ ìlú, àìrí di ẹ̀rí. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sún kúrò nítòsí rẹ̀, títí ó fi ku òun nìkan láàárín àgbàlá bí igi tí iná yọ sílẹ̀. Baálẹ̀ kò fẹ́ ìkà, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún un ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bí kò bá sí ẹni tó lè sọ ohun mìíràn tó ń fa àrùn náà, kí wọ́n sìn ín lọ sínú Igbó Ọ̀rinrin, kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọdẹ́gbàmí wólẹ̀. "Baálẹ̀, ẹ ó pẹ́ lórí oyè. Èmi ni n ó lọ sínú igbó náà ṣáájú rẹ̀. Gbogbo ohun tó ń bu, tó ń jẹrà, ibẹ̀ ni wọ́n ní ó ti ń wá. N ó lọ wádìí rẹ̀."

Ohun tí kò sọ ni pé àrùn náà ti wà lára òun pẹ̀lú. Ọdún kẹta rèé tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti ń jẹrà nínú bùútù rọ́bà tí ó fi ń ṣọdẹ nínú ẹrẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀. Bùútù náà ni ó ń wọ̀ jẹun, òun ni ó ń wọ̀ kí àlejò. Ó ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá rí i, wọn yóò ní ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọmọ inú ara rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìnkùlé, ó fi oríkì pè é. "Àjàó, má lọ. Èmi ti gbó. Bí wọ́n bá mú mi lọ, oúnjẹ díẹ̀ náà ló kù fún mi láti jẹ láyé."

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n lọ."

Obìnrin náà wò ó. "Wọ́n ní èmi ni. Ìwọ ńkọ́? Ṣé o gbà bẹ́ẹ̀?"

Ọdẹ́gbàmí dákẹ́ díẹ̀, ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń gbé itọ́ mì, kí ó tó sọ pé, "Rárá, Ìyá." Ìwọ̀nba ìdákẹ́ yẹn, Àwẹ̀ró gbọ́ ọ. Ó yí padà, ó wọlé lọ. Ọ̀gá mi sọ fún mi pé láàárín gbogbo ohun tí ojú òun rí nínú igbó, kò sí èyí tó dun òun tó ẹ̀yìn ìyá òun bí ó ṣe ń wọlé lọ yẹn.

Ó wá wọ Igbó Ọ̀rinrin. Ẹ̀yin ará mi, èyí kì í ṣe igbó tí ènìyàn ń wọ̀. Igbó tó ń wọ ènìyàn ni. Oòrùn kò dé ibẹ̀ rí. Bí ó bá fọwọ́ kan igi, èèpo igi a rọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ẹran tó ti jẹrà. Olú hù sórí olú, funfun, pupa, àwọ̀ ojú òkú. Ètù ìbọn rẹ̀ mu omi ní wákàtí àkọ́kọ́. Ó yìn ín wò, ìbọn náà sín lásán bí arúgbó tí òtútù mú. Ọdẹ tí kò ní ìbọn, kí ni ó yàtọ̀ sí ẹran? Omi kún inú bùútù rẹ̀, ó ń sọ pọ̀tọ̀-pọ̀tọ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀, ó sì ń ṣe é bíi pé nǹkan kan nínú bùútù náà ń jẹun.

Ó dé ibi tí ọ̀nà ti há, ó bá obìnrin kan tó jókòó. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ọwọ́ rẹ̀ àti mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán, kò sí èékánná kankan lórí wọn. Èèrà bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń fi ara gbo igi, kò ràn án lọ́wọ́.

"Ọdẹ," ni obìnrin náà wí, "wá bá mi họ ẹ̀yìn."

Ọdẹ́gbàmí wo ẹ̀yìn náà. Bí ó bá sọ pé rárá, kò mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bí ó bá sì gbà, ẹ̀yìn náà ń yọ̀ bí ara ìgbín. Ó dijú, ó họ ọ́. Obìnrin náà mí kanlẹ̀.

"O ṣeun. Nísinsìnyí dá mi lóhùn. Ilé mẹ́wàá wà lókè, ilé mẹ́wàá wà nísàlẹ̀. Wọ́n ní òrùlé, wọn kò ní ilẹ̀kùn. Síbẹ̀ àlejò wọlé. Kí ni ilé náà? Ta ni àlejò?"

"Èékánná ni ilé náà," ni Ọdẹ́gbàmí wí. "Àlejò ni n kò mọ̀. Òun ni mo ń wá."

"O mọ ilé, o kò mọ olè. Aríbiwọlé ni orúkọ rẹ̀. Kò lágbára láti fọ́ ilẹ̀kùn, ibi tó bá ti là ló ń gbà. Bọ́ bùútù rẹ kí n wò ó bóyá ó ti wọ tìrẹ."

Ọdẹ́gbàmí fà sẹ́yìn. "Ẹsẹ̀ ọdẹ kì í ṣe ìran wíwò."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín tí kò dùn. "Ohun tí a bá fi pamọ́ sínú òkùnkùn, inú òkùnkùn náà ni í ti í dàgbà. Máa lọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé o họ mí lẹ́yìn, gbọ́ ọ̀kan: Aríbiwọlé kì í tẹ ilẹ̀ tí oòrùn ti sè."

Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ ìró pátákò ẹṣin níbi tí kò sí ẹṣin. Kò, kò, kò. Ó fẹ́ sá pa mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti yí i ká. Ènìyàn ni wọ́n láti orí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ wọn ni kì í ṣe ti ènìyàn mọ́: èékánná tó nípọn, tó ká kò bí ìwo àgbò, òun ni wọ́n fi ń rìn. Wọ́n fà á lọ sí ìlú wọn, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi ti rí ẹranko tó bínú, n kò bẹ̀rù. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ fúnni nínú igbó, òun ni kí ẹ sá fún.

Ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo ló wà ní àárín ìlú náà. Ilẹ̀ rẹ̀ kò gbẹ rí, ó ń yọ̀ bí ara ẹja. Àgbà, ọmọdé, aboyún, gbogbo wọn ń fi ẹsẹ̀ lásán wọ inú rẹ̀, wọ́n ń tẹ omi tí ẹni ìṣáájú fi sílẹ̀. "Àlejò kì í wọ̀lú wa kó má wẹ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n gbá a mú, wọ́n fa bùútù rẹ̀ yọ. Omi dúdú dà sílẹ̀, òórùn gba afẹ́fẹ́. Wọ́n tẹjú mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀.

Wọ́n hó. "Tiwa ni! Ẹ wò ó, tiwa ni! Ọmọ wa ti dé!"

Ìyá arúgbó kan tiẹ̀ dì mọ́ ọn, ó ń sunkún ayọ̀. Ọ̀gá mi ní ibẹ̀ ni òun ti mọ̀ pé ìbẹ̀rù tó ju ikú lọ wà: pé kí àwọn tí o kórìíra jù láyé wò ọ́, kí wọ́n rí ìbátan.

Nígbà tó wolẹ̀, ó rí nǹkan kan lórí ilẹ̀ tó tutù náà. Ó dà bí èlùbọ́ tí a gbọ̀n sílẹ̀, funfun, kíún, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Ó ń ti ẹsẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Tí ó bá dé ibi tí ẹsẹ̀ ti là tàbí tí èékánná ti ṣí, a rọra wọlé bí ẹni tó ní ilé.

Wọ́n mú un kúrò níbẹ̀ lọ sábẹ́ igi kan, wọ́n ní kí wọ́n gé èékánná rẹ̀ kí ó lè hù bíi tiwọn. Obìnrin kan jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré lọ́wọ́, ọ̀wọ́ ènìyàn sì wà níwájú rẹ̀. Ọdẹ́gbàmí wò ó. Kì í ṣe ojú ìyá rẹ̀ ló wà lórí obìnrin náà. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe tẹ orí ba, bí ó ṣe fi ọwọ́ òsì di ẹsẹ̀ ènìyàn mú bí ẹni di ẹyin mú, bí ó ṣe nu ọ̀bẹ létí ìró tó ní, "Ó kàn ọ́, ọmọ mi," Àwẹ̀ró gan-an ni. Gbogbo ìgbà tó bá sì nu ọ̀bẹ náà, èlùbọ́ tó ń rìn yẹn kì í kúrò lójú ọ̀bẹ. Yóò dúró sórí irin, yóò dúró de ẹsẹ̀ tó kàn.

Ohun tí ó wá sínú igbó wá wò kọ́ nìyí. Ó wá kí ó lè rí ẹlòmíràn tí yóò di ẹ̀bi lé lórí. Ó ń wò ó, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà náà ni ohùn kan sọ̀rọ̀. Ó wò síwájú, kò rí ẹnì kan. Ó wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kan. Abẹ́ èékánná ara rẹ̀ ni ohùn náà ti ń wá.

"Ọdẹ́gbàmí, o ti rí mi tán."

"Ìwọ ni Aríbiwọlé?"

"Ẹni tí ò ń bọ́ láti ọdún mẹ́ta wá ni."

"Ṣé ìyá mi ló rán ọ sí wọn?" Ó ti bi í tán kí ojú tó tì í.

"Ta ni ìyá rẹ tí yóò rán mi? N kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Ìbátan olú ni mí, àti ti funfun tó ń hù lára oúnjẹ àná. Ibi tó bá tutù, tó bá ṣókùnkùn, tó bá móoru, ilé mi ni. Mo wọ ọ̀bẹ ìyá rẹ bí èrò ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Atukọ̀ kò mọ irú ẹni tó gbé. Àwọn tí n kò bá lórí ọ̀bẹ, mo bá wọn nínú ilé ìwẹ̀ ẹ̀yìn àgbàlá Baálẹ̀, níbi tí ẹ ti ń tẹ omi ara yín. Àwọn tó ń fọ ẹ̀gẹ́, ọwọ́ wọn kì í gbẹ láti òwúrọ̀. Ìwọ, bùútù tí o kò sá sóòrùn rí ni mo bá wọlé."

Ọdẹ́gbàmí fi ọwọ́ bo àtàǹpàkò náà.

"Gbọ́," ni ohùn náà wí, ó dùn wàyí bí ohùn ọ̀rẹ́. "Padà sílé. Sọ fún wọn pé Ọ̀tún Lánípẹ̀kun ló ń jẹ wọ́n. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, wọn yóò gbà ọ́ gbọ́ kí o tó sọ ọ́ tán. Ìyá rẹ yóò bọ́. Èmi náà yóò fi ẹsẹ̀ rẹ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ òtítọ́, rántí pé ọ̀bẹ ìyá rẹ wà nínú òtítọ́ náà."

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Tí ó bá jẹ́ ìyá yín? Ọ̀gá mi ní òun ti ya ẹnu láti sọ pé, "Mo gbà." Nígbà náà ni obìnrin abẹ́ igi yẹn tún nu ọ̀bẹ, tó na ọwọ́ sí ọmọ kékeré kan tó kàn. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín sí i, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó mọ́ lónítónì sílẹ̀ fún un. Ọdẹ́gbàmí rí i kedere pé bí òun bá parọ́ yìí, ìyá òun yóò máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin nǹkan yìí sí ẹsẹ̀ àwọn tó fẹ́ràn títí yóò fi kú, kò sì ní í mọ̀.

Ó fò sókè, ó sì sá.

Kò, kò, kò, kò! Gbogbo ìlú gbá tẹ̀ lé e. "Ọmọ wa ń lọ! Ẹ mú un wálé!" Ẹ̀gún ya ìtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ òsì gbá òkúta, èékánná ibẹ̀ fọ́, kò dúró wò ó. Ọwọ́ tútù kan gbá a mú ní ọrùn ẹsẹ̀, ó já a gbà. Níwájú, láàárín igi, ó rí ohun tó ń tàn: àpáta ńlá kan tí igbó kò bò, oòrùn ń jó o. Ó fi àyà fà gun orí rẹ̀. Òkúta náà gbóná, ó ń jó o lẹ́sẹ̀, kò tíì sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó o rí. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀-pátákò dúró sí ìsàlẹ̀, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń pè é ní orúkọ jẹ́jẹ́, títí wọ́n fi padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Arúgbó kan jókòó lórí àpáta náà, ẹsẹ̀ kan ló ní. Ọdẹ́gbàmí tún fẹ́ sá.

"Má sá, ènìyàn ni mí," ni arúgbó náà wí. "Ọmọ Etí-Àbàtà ni èmi náà, kí wọ́n tó bí ọ. Èékánná mi bẹ̀rẹ̀ bíi tìrẹ. Mo ní àtọ̀gbẹ, n kò mọ̀. Ẹsẹ̀ mi kò mọ ìrora mọ́, egbò ṣí sábẹ́ èékánná, mo fi bàtà bò ó nítorí ìtìjú. Ìtìjú yẹn ló jẹ ẹsẹ̀ mi, kì í ṣe àjẹ́." Ó fa ẹsẹ̀ òsì Ọdẹ́gbàmí mọ́ra. "Èyí tó dúdú yìí, òkúta ló ṣe é, ẹ̀jẹ̀ ló dì sábẹ́ rẹ̀. Má kó o mọ́ ti Aríbiwọlé. Bó o bá sì rí arúgbó tí èékánná rẹ̀ ki, tó sì ń pọ́n, rántí pé ẹ̀jẹ̀ àgbà kì í sáré dé ọmọ-ìka mọ́. Yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń wá ẹlẹ́bi kan ṣoṣo, irọ́ ni yóò mú wálé."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

"Ta ni n ó lọ bá? Lọ. Ọjọ́ rẹ ti ń pé."

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án ló wọ ìlú. Wọ́n ti di ẹrù kékeré kan lé Àwẹ̀ró lórí. Bí àwọn ènìyàn ṣe rí ọdẹ náà láìwọ bàtà, tí ẹ̀jẹ̀ gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọ́n là fún un. Ó dúró níwájú Baálẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sórí òkúta kí gbogbo ojú lè rí i. Igbe ta. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ọ̀tún Lánípẹ̀kun pariwo pé, "Ẹ wò ó! Ó ti ń jẹ ọmọ inú ara rẹ̀!"

"Bàbá Ọ̀tún," ni Ọdẹ́gbàmí wí, "láti ìgbà tí mo ti di ọdẹ, ìyá mi kò fọwọ́ kan èékánná mi mọ́. Ọ̀bẹ tèmi ni mo ń lò. Bùútù tí kò gbẹ ló ṣe mí báyìí. Mo bẹ̀ yín, kí gbogbo wa bọ́ bàtà."

Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ tirẹ̀. Àwọn ìjòyè bọ́ tiwọn. Ó ku ẹnì kan. Ojú gbogbo ìlú yí sí i. Òógùn bo Ọ̀tún lójú. Ó wo ọ̀nà, ọ̀nà kún fún ènìyàn. Ó tẹ̀ ba, ó tú okùn bàtà aláwọ náà. Nínú èékánná mẹ́wàá, méjì péré ni ó yè.

Lánípẹ̀kun kò na ẹsẹ̀ síwájú Àwẹ̀ró rí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀; gbogbo wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan wá kígbe láti ẹ̀yìn: "Òun ni! Òun ló ń jẹ wá, tó ń na ìka sí opó!" Àgbàlá rú. Wọ́n gbé igi, wọ́n gbé òkúta. Irọ́ tí Aríbiwọlé fi lọ Ọdẹ́gbàmí nínú igbó ti wà nílẹ̀ tó ti sè, tó ti jinná, Ọdẹ́gbàmí kò sì nílò láti sọ ọ̀rọ̀ kan kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Bí ó bá ti dákẹ́, ó tán nìyẹn.

Ó bọ́ síwájú Ọ̀tún, ó na apá méjèèjì. "Ẹ dúró! Kò sí ẹni tó ń jẹ ẹnikẹ́ni. Ohun kékeré kan ni, ìbátan olú, ojú kò lè rí i. Ilé ìwẹ̀ yìí tí kò gbẹ, ibẹ̀ ló ti ń mú wa. Bàtà tó tutù, ibẹ̀ ló ń gbé. Ọwọ́ tó ń wà nínú omi lójoojúmọ́, ó ń bá a wọlé." Kò lè wo ìyá rẹ̀ lójú. "Ọ̀bẹ tí à ń gbé láti ẹsẹ̀ ẹnì kan dé ti ẹlòmíràn láìsè é, ó wà lójú rẹ̀ pẹ̀lú."

Àwẹ̀ró sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. "Ọ̀bẹ mi, Àjàó?"

"Ọ̀bẹ yín wà nínú rẹ̀, Ìyá. Ẹ kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó wà nínú rẹ̀."

Obìnrin náà rọra jókòó sórí ilẹ̀. Kò sunkún. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ náà fún. Ẹni tó ní igi sọ igi sílẹ̀.

Ọjọ́ náà ni Baálẹ̀ ní kí wọ́n fọ́ ògiri ilé ìwẹ̀ náà kí oòrùn lè wọ ibẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí ilé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀bẹ tirẹ̀, kí wọ́n sì máa sè é nínú omi gbígbóná. Àwọn tó yẹ kí wọ́n lọ rí oníṣègùn, wọ́n lọ. Nínú àwọn mọ́kànlélógójì, a rí mẹ́ta tó jẹ́ pé òkúta ló fọ́ wọn ní èékánná lásán. Ẹ má rò pé ó tán lọ́jọ́ kan. Èékánná ẹsẹ̀ kì í kánjú. Ọdún kan gbáko, ó lé, ni ọ̀gá mi fi ń wò ó bó ṣe ń ti ìdí hù, tí ó mọ́ bọ̀. Gbogbo òwúrọ̀ ló sì ń fi ìbẹ̀rù wò ó.

Ṣùgbọ́n ohun tí Àwẹ̀ró ṣe ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún yín. Ní ọjọ́ kẹta, kò sọ fún ọmọ rẹ̀, ó jáde lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn méjìdínlógójì tó ti gé èékánná fún ló lọ. Ní ilé kọ̀ọ̀kan ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ọ̀bẹ mi wà nínú rẹ̀. N kò mọ̀. Ẹ forí jì mí." Àwọn kan gbé e dìde. Obìnrin kan tì í síta, ó pa ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Ọmọbìnrin tó gé èékánná fún ní ọjọ́ ìgbéyàwó bú sẹ́kún, òun ló wá ń bẹ̀ ẹ́.

Ilé tó yà kẹ́yìn kì í ṣe ara ilé àwọn tó jẹ ní gbèsè ọ̀rọ̀. Ilé Ọ̀tún ni. Láti ọjọ́ àgbàlá yẹn, Lánípẹ̀kun kò yọjú síta. Àwẹ̀ró kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá Ọ̀tún. Àwẹ̀ró."

"Ṣé o wá fi mí ṣe ẹlẹ́yà ni?"

"Rárá o."

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Ọkùnrin gíga náà dúró nínú òkùnkùn ilé, ó tún ti wọ bàtà. Ó wò ó títí, ìyá tí ó fẹ́ lé lọ sínú igbó. "Ìyá," ló wí, a kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, "ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ti ń bà mí láti ọdún méje."

Àwẹ̀ró fa àpótí ìjókòó jáde sí ojúde, síbi tí oòrùn wà, ó gbé e kalẹ̀ fún un. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ló wí. "Ẹ bọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó."

Ó bọ́ ọ.

Ohun tí ọ̀gá mi fi sí mi létí nìyí, n kò bù ú, n kò sì lú u pọ̀ mọ́ òmíràn. Ẹ dìde, ẹ na ara, kí kálukú máa lọ sílé rẹ̀ ní àlàáfíà.